Bí ẹ ṣe lè so ìrìn-àjò orí òkè pọ̀ mọ́ kàsínò: ìtọ́sọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Òkè ló ni òwúrọ̀, kàsínò ló ni alẹ́. Bí ẹ bá fi èyí ṣe òfin ìrìn-àjò yín, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Àwọn tí irú ìsinmi yìí bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, kì í ṣe owó tí wọ́n pàdánù nìkan ló sábà máa ń fà á. Wọ́n á jókòó ti tẹ́tẹ́ di aago mẹ́ta òru, wọ́n á sùn di ọ̀sán. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa dé ẹsẹ̀ òkè, kùrukùru ti bò ó, àrá ti ń sán, ọkọ̀ tó ń gbéni gòkè ti dáwọ́ dúró. Wọ́n ná owó òkè, wọn ò rí òkè.

Ibi tí àwọn nǹkan méjèèjì yìí ti pàdé kò ṣọ̀wọ́n. Ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wa góòlù láyé àtijọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ahoro. Ní ọdún 1990, àwọn olùdìbò gbà kí wọ́n máa ta tẹ́tẹ́ ní mẹ́ta nínú wọn: Black Hawk, Central City àti Cripple Creek. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1991 ni eré bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń fi lára owó-orí rẹ̀ tún àwọn ilé àtijọ́ ṣe. Ní Malaysia, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Lim Goh Tong bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Genting Highlands, ibi ìgbafẹ́ kan lórí òkè, ní ọdún 1965, nítorí ó mọ̀ pé àwọn ará Kuala Lumpur á fẹ́ sá fún ooru. Òtútù orí òkè ló kọ́kọ́ lọ tà, kàsínò tẹ̀ lé e.

1. Ẹ yan ibi tí òkè àti kàsínò kò jìnnà síra wọn

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kàsínò tó tóbi jù. Ẹ bi ara yín pé: bí mo bá jí ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, báwo ni mo ṣe máa pẹ́ tó kí n tó dé ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀? Bí ó bá ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ, ẹ wá ibòmíràn, torí inú mọ́tò lẹ máa ti lo ìsinmi yín.

Lake Tahoe ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Adágún omi ńlá ni, ó wà ní nǹkan bí 1,897 mítà sókè ju òkun lọ, jíjìn rẹ̀ sì tó 501 mítà. Ààlà California àti Nevada gba àárín rẹ̀ kọjá. Nevada ti fọwọ́ sí tẹ́tẹ́ láti ọdún 1931, ìdí nìyẹn tí àwọn kàsínò fi tò sí ẹ̀gbẹ́ ààlà gan-an, ní ìlú kékeré tó ń jẹ́ Stateline. Ẹ̀ ń rìn lójú títì ní California, ẹ gbé ẹsẹ̀ mélòó kan, ilé tẹ́tẹ́ ti dé. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ìdí ọkọ̀ Heavenly, èyí tí okùn irin ń fà gòkè. Ó máa gbé yín dé ibi ìwòran kan ní 2,781 mítà, níbi tí adágún náà ti tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ yín láti èbúté dé èbúté.

Ẹni tó bá fẹ́ gíga jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ sí Colorado. Black Hawk àti Central City kò tó wákàtí kan àti ààbọ̀ sí Denver. Ibẹ̀ náà ni ọ̀nà Peak to Peak ti bẹ̀rẹ̀, tó gba àárín igbó àti òkè lọ sí Estes Park, ẹnu ọ̀nà Rocky Mountain National Park. Cripple Creek ní tirẹ̀ wà lẹ́yìn òkè Pikes Peak. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ máa ń rìn kiri ìgboro níbẹ̀, wọ́n á dúró sáàárín títì, wọ́n á sì na ẹnu sí fèrèsé mọ́tò. Àwọn ará ìlú gbà pé àtọmọdọ́mọ àwọn tó ṣiṣẹ́ nínú kòtò góòlù ni wọ́n.

Ní Yúróòpù, kàsínò wà ní Davos àti St. Moritz ní Switzerland, ní Zell am See, Seefeld àti Kitzbühel ní Austria, ní Chamonix ní Faransé, àti ní Saint-Vincent ní àfonífojì Aosta ní Ítálì. Wọn kì í tóbi bíi ti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣí tábìlì títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi fẹ́ràn bẹ́ẹ̀, torí ilé tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń bá yín dáàbò bo òwúrọ̀ yín. Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan, Interlaken ní Switzerland ni mo máa mú. Ìlú náà ní kàsínò, 568 mítà péré ló ga, síbẹ̀ ẹ lè wọ rélùwéè níbẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ẹ wà ní Jungfraujoch, ní 3,454 mítà, kí oòrùn tó ga. Ọdún 1912 ni wọ́n ti ṣí ojú irin yẹn. Ẹ sùn nísàlẹ̀, ẹ ṣeré lókè. Ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì ń bọ̀ níwájú.

2. Ẹ wádìí òfin ẹnu ọ̀nà

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ló kéré jù tó lè wọlé ta tẹ́tẹ́ ní Nevada, Colorado àti Genting. Ní Switzerland, Austria, Faransé àti Ítálì, ọdún méjìdínlógún ni. Ní Malaysia, òfin kò gba Mùsùlùmí láyè láti wọ kàsínò, nítorí náà bí Mùsùlùmí bá wà nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ ti ṣètò ohun mìíràn tó máa fi alẹ́ rẹ̀ ṣe.

Páásípọ́ọ̀tù gan-an ni kí ẹ mú lọ. Ní ọ̀pọ̀ kàsínò Yúróòpù, wọ́n á wo ìwé yín lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ rí tábìlì, àwòrán rẹ̀ lórí fóònù kò sì ní tó. Ẹ wo òfin aṣọ pẹ̀lú. Bàtà òkè tó ní ẹrẹ̀ àti ṣòkòtò ìrìn-àjò tó ti gbó kì í bá ilé tẹ́tẹ́ àwọn ará Austria mu. Ẹ fi ṣẹ́ẹ̀tì kan àti bàtà mímọ́ kan sínú báàgì.

Ẹni tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà tún gbọ́dọ̀ mọ èyí: bí ẹ bá jẹ owó ńlá lórí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ níbẹ̀, wọ́n lè yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó-orí lójú ẹsẹ̀, àfi bí orílẹ̀-èdè yín bá ní àdéhùn tó yọ yín sílẹ̀. Èrè tí ẹ bá jẹ nídìí blackjack àti baccarat (eré káàdì), craps (eré dáìsì) àti rúlẹ́ẹ̀tì (àgbá tí wọ́n ń yí pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kékeré) kò sí lábẹ́ òfin yẹn.

3. Ẹ mú àkókò tó bá òkè mu

Ní ọ̀pọ̀ ibi, kàsínò wà níbẹ̀ jákèjádò ọdún. Òkè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Trail Ridge Road ní Colorado, tó gòkè dé 3,713 mítà, máa ń wà ní títì pa nígbà òtútù, ìparí oṣù karùn-ún ni wọ́n sábà máa ń ṣí i. Ọkọ̀ okùn Aiguille du Midi ní Chamonix sábà máa ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró nínú oṣù kọkànlá kí wọ́n lè tún un ṣe. Ẹ yẹ ọjọ́ wọ̀nyí wò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Àwọn ibòmíràn ń béèrè pé kí ẹ ti gba wákàtí tí ẹ máa wọlé sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó rí bẹ́ẹ̀ fún mọ́tò tó bá fẹ́ gun Pikes Peak, àti fún Rocky Mountain National Park. Wákàtí tó yá jùlọ ni kí ẹ gbà, torí òun ló máa lé yín kúrò ní tábìlì lálẹ́ tó ṣáájú.

4. Ẹ jẹ́ kí ara mọ òkè kí ẹ tó fi ọtí kún un

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Bí a ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́, tí ọ́síjìn tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ń dín kù. Láti nǹkan bí 2,500 mítà lọ sókè, àìsàn orí òkè lè mú ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń sáré lójoojúmọ́. Black Hawk wà ní nǹkan bí 2,450 mítà, Central City sún mọ́ 2,600, Cripple Creek sì lé ní 2,890. Kàsínò fúnra rẹ̀ ti wà lórí òkè níbẹ̀. Ẹ ò tíì gun ibì kankan, ara ti ń ṣiṣẹ́.

Wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn tí ènìyàn bá dé ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: orí á máa fọ́, inú á máa rú, oúnjẹ kò ní wu ni, ó á rẹ ni, oorun kò ní dùn. Ẹ ka àwọn àmì wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí orí ṣe ń rí lára ẹni tó mutí yó lánàá gan-an nìyẹn. Ibẹ̀ ni ewu wà fún ẹni tó pa kàsínò pọ̀ mọ́ òkè, torí ọtí ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, ní Nevada pàápàá, níbi tí wọ́n ti ń gbé e fún àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni náà á jí, á ní ọtí àná ni, á tún gun òkè lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé, níbi tó bá ga, bí orí bá ń fọ́, ẹ kà á sí òkè títí dìgbà tó bá hàn pé nǹkan mìíràn ni. Ẹ má gòkè sí i lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kò le:

- Bí ẹ bá ti ibi tó lọ sílẹ̀ wá, ẹ sun oorun alẹ́ kan tàbí méjì ní àárín ọ̀nà. Denver, tó wà ní nǹkan bí 1,600 mítà, dára fún èyí.
- Fún wákàtí méjìdínláàádọ́ta àkọ́kọ́, ẹ má mutí, ẹ má sì lo oògùn oorun. Omi ni kí ẹ máa mu, kí ẹ sì jẹun dáadáa.
- Bí ẹ bá ti kọjá 3,000 mítà, ibi tí ẹ ń sùn kò gbọ́dọ̀ fi ju 500 mítà lọ ga ju ti àná. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.
- Ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ti ẹ̀dọ̀fóró tàbí fọ̀níkú-fọ̀ladìde, àti aláboyún, kó rí dókítà kí ó tó kúrò nílé. Dókítà náà ló lè sọ bóyá acetazolamide, oògùn tó ń dènà àìsàn orí òkè, yẹ ẹni.

Bí ẹnì kan bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nígbà tí kò mutí, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dàrú, tàbí tí kò lè mí délẹ̀ nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì wá ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́.

Èéfín sìgá náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti kà á léèwọ̀ nínú kàsínò Colorado, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń mu ún ní Nevada. Ẹni tí àyà rẹ̀ kò bá gba èéfín, kó béèrè ibi tí wọn kì í ti í mu ún.

5. Bí ẹ ṣe máa pín ọjọ́

Ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ má lọ sí kàsínò. Ẹ rìn yí ìlú ká, ẹ jẹun, ẹ sùn. Ó rẹ yín, ẹni tó bá sì rẹ̀ kì í ṣírò owó dáadáa.

Ọjọ́ òkè bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Lórí àwọn òkè Rocky, nínú oṣù keje àti ìkẹjọ, ìjì àrá sábà máa ń dé lọ́sàn-án. Àwọn tó mọ ibẹ̀ máa ń rí i pé wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbi tí igi kò ti hù mọ́ kí ó tó di ọ̀sán gangan, torí níbẹ̀ ènìyàn ló ga jù, òun sì ni mànàmáná máa wá. Àwọn òkè Alps náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Genting, kùrukùru ló ń gbé òkè mì. Bí ẹ bá fẹ́ rí tẹ́ńpìlì Chin Swee àti igbó tó yí i ká, òwúrọ̀ ni kí ẹ wọ ọkọ̀ okùn Awana SkyWay.

Aṣọ náà ṣe kókó. Ní ìpíndọ́gba, ìgbóná ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 Celsius dín kù fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gùn. Chamonix wà ní 1,035 mítà, Aiguille du Midi sì wà ní 3,842. Ẹ lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì péńpé kúrò nísàlẹ̀, kí ẹ bá yìnyín àti òtútù tó ń gé ètè pàdé kí ìdajì wákàtí tó pé. Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́, ìpara oòrùn àti awò dúdú, torí oòrùn òkè máa ń jó ojú ju ti ìsàlẹ̀ lọ.

Ẹ padà dé ní ọ̀sán, ẹ wẹ̀, ẹ rẹjú. Kàsínò wá di ti aago méje sí mẹ́wàá alẹ́. Ẹ fi alẹ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ láìlọ rárá, pàápàá alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ síbi tó ga jù.

6. Ẹ ya owó tẹ́tẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó òkè

Owó ìgbádùn ni owó tẹ́tẹ́, owó tó ti lọ ni, bíi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ okùn. Ẹni tó bá fẹ́ fi kàsínò san owó òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti pàdánù kó tó wọlé, torí gbogbo eré tó wà níbẹ̀ ni ilé ti fi èrè tirẹ̀ sínú rẹ̀.

Ẹ wo rúlẹ́ẹ̀tì. Ojú ihò méjìdínlógójì ló wà lórí ti Amẹ́ríkà: 1 dé 36, òdo kan, àti òdo méjì tí wọ́n kọ papọ̀. Wọ́n á san owó fún yín bí ẹni pé mẹ́rìndínlógójì ni. Ìyàtọ̀ yẹn ni èrè wọn, ó sì jẹ́ 5.26 dọ́là nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là tí ẹ bá ta. Ti Yúróòpù ní òdo kan ṣoṣo, 2.70 sì ni wọ́n ń mú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá ń ta dọ́là mẹ́wàá, tí wọ́n ń yí i nígbà ogójì ní wákàtí kan, irinwó dọ́là lẹ ta. Ní ìpíndọ́gba, rúlẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà á gba dọ́là mọ́kànlélógún, ti Yúróòpù á gba nǹkan bíi mọ́kànlá. Ẹ wá wo ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ tó ń gba dọ́là kan péré. Ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ yá, ó lè tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta ìgbà ní wákàtí kan. Bí ẹ̀rọ náà bá ń dá 92 padà nínú ọgọ́rùn-ún, ogójì dọ́là ló máa gbà. Ẹ̀rọ olówó kékeré ti gbà ju tábìlì olówó ńlá lọ.

Oríire àti oríburúkú á wà pẹ̀lú, torí náà ẹ má mú iye tí ìṣirò sọ nìkan. Fún wákàtí méjì tí ẹ ń ta dọ́là mẹ́wàá lórí pupa tàbí dúdú, igba dọ́là ló yẹ kó tó lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fi ti alẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ápòòwé tirẹ̀ láti ilé, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Ẹ fi káàdì ATM sílẹ̀ sínú àpótí títì ní òtẹ́ẹ̀lì. Bí ápòòwé bá gbẹ, alẹ́ parí. Ti ọ̀la kì í ṣe ti òní. Owó ọkọ̀ okùn, rélùwéè àti afinimọ̀nà, ẹ ti san án kí ẹ tó dé, níbi tí tẹ́tẹ́ kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

7. Nídìí tábìlì

Ẹ dúró kí ẹ wo tábìlì kí ẹ tó jókòó. Nídìí blackjack, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí aṣọ tábìlì. Bí ó bá jẹ́ "3 to 2", ẹ jókòó. Bí ó bá jẹ́ "6 to 5", ẹ máa lọ. Nídìí èyí àkọ́kọ́, dọ́là mẹ́wàá yín á mú dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá nígbà tí blackjack (káàdì méjì àkọ́kọ́ tó jẹ́ mọ́kànlélógún) bá bọ́ sí yín lọ́wọ́. Nídìí ìkejì, méjìlá ni. Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó gba káàdì sí i àti ìgbà tó yẹ kó dúró lè mú èrè ilé wá sí nǹkan bí ìdajì dọ́là nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ "6 to 5" á tún gba èyí tó ju dọ́là kan lọ padà.

Ẹ ṣí aago fóònù sí àkókò tí ẹ fẹ́ kúrò, ẹ má sì ya àwòrán nídìí tábìlì láìbéèrè. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé tẹ́tẹ́ máa ń di yín mú débi pé ẹ kì í lè dìde, ẹ fi òkè nìkan ṣe ìsinmi yín. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ilé tẹ́tẹ́ fúnra wọn máa ń gbà kí ènìyàn ní kí wọ́n fi orúkọ òun sínú àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ní Switzerland, bí orúkọ bá ti wọ ìwé yẹn ní kàsínò kan, ó ti wọ ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà.

Ẹ má sì kó ọmọdé dání wá jókòó tì yín. Ní Nevada, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún lè kọjá láàárín kàsínò, kò gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀. Àgbàlagbà méjì lè máa gba alẹ́ fún ara wọn, kí ọ̀kan wà pẹ̀lú àwọn ọmọ.

8. Ojú ọ̀nà

Ẹni tó bá mutí kò gbọ́dọ̀ wa mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lóru. Ẹ sùn síbi tí ẹ ti lè fẹsẹ̀ rìn dé kàsínò, tàbí kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì.

Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kékeré ni kí ẹ fi sí, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dá mọ́tò dúró. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì láti òkè délẹ̀, bíréèkì náà á gbóná débi tí kò ní mú mọ́. Lórí ọ̀nà Pikes Peak, tó gùn tó kìlómítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dá mọ́tò dúró ní Glen Cove láti wo bí bíréèkì ṣe gbóná tó. Wọ́n á ní kí ẹ páàkì kó tutù bí ó bá ti pọ̀ jù. Nígbà òtútù, àwọn ọ̀nà tó lọ sí Lake Tahoe lè béèrè ṣéènì lẹ́sẹ̀ táyà. Ẹ bi ilé iṣẹ́ tí ẹ ti yá mọ́tò bóyá wọ́n gbà kí ẹ lò ó.

9. Ọjọ́ ìkẹyìn

Ẹ pààrọ̀ gbogbo ike tẹ́tẹ́, èyí tí ẹ fi ń ta dípò owó, sí owó kí ẹ tó kúrò, torí ike ilé kan kì í ná ní ilé kejì. Bí wọ́n bá yọ owó-orí lára èrè yín, ẹ gba ìwé rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù. Bí ọkọ̀ òfuurufú yín bá jẹ́ ti òwúrọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn nítòsí pápákọ̀ òfuurufú lálẹ́ tó ṣáájú, nítorí yìnyín alẹ́ kan lè ti ọ̀nà òkè pa títí ọ̀sán ọjọ́ kejì.